Bọ́ọ̀lù Ilé-Ìwé Kí Ogun Tó Dé: Ohun Tó Kàn Wá ní Ṣómólú àti Bàrígà

Bí ẹ bá ní kí ọmọdé àdúgbò wa ka orúkọ àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, á kà á bí ẹni ka owó. Ẹ wá bi í pé báwo ni bọ́ọ̀lù ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, ẹnu rẹ̀ á wọhò. Ọwọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ni ìtàn yẹn wà, kí ogun 1914 tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Lọ́dún 1904, Èkó àti Kàlàbá ò tíì sí lábẹ́ ìjọba kan náà. 1906 ni Òyìnbó tó so wọ́n pọ̀. Ní Kàlàbá, ilé-ìwé kan wà tó ń jẹ́ Hope Waddell, tí àwọn míṣọ́nnárì Presbyterian láti Scotland dá sílẹ̀ ní 1895. Àlùfáà James Luke, tó ti Jàmáíkà wá di ọ̀gá ibẹ̀ ní 1902, ló mú bọ́ọ̀lù dání wá. Kò ju nǹkan bí ọdún méjì lọ tí àwọn ọmọ náà fi kọ́ ọ.

Nígbà tó di ọjọ́ 15 oṣù June 1904, wọ́n bá àwọn atukọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó wà nínú ọkọ̀ HMS Thistle gbá a. Góòlù 3 sí 2 ni. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ló borí!

Ẹ má fojú kékeré wò ó o. Irú ọkọ̀ ogun bẹ́ẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì fi yin ìbọn lu Èkó ní 1851, tí wọ́n fi lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè. Ta ló tó kò wọ́n lójú lórí omi? Ṣùgbọ́n lórí pápá, òfin kan náà ló de gbogbo wọn: ẹni mọ́kànlá síhìn-ín, ẹni mọ́kànlá sọ́hùn-ún. Ibẹ̀ ni ọmọ dúdú ti rí i pé wọ́n ṣeé nà.

Nnamdi Azikiwe náà kàwé ní Hope Waddell, ó sì tún kàwé ní Methodist Boys' High School l'Ékòó níbí. Ní 1938, ọdún kan kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀, ó dá ẹgbẹ́ eré ìdárayá Zik's Athletic Club sílẹ̀ l'Ékòó, ó ní kí ẹ̀yà gbogbo máa bọ̀. Lásìkò ogun, ẹgbẹ́ náà ń rin ìlú kiri, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù, Zik sì ń bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ òṣèlú. Nígbà tó fi máa di 1949, ikọ̀ Nàìjíríà ti kọjá sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Etim Henshaw ni kápútẹ̀nì, Tèslímì Balógun wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ò wọ bàtà, síbẹ̀ wọ́n na Marine Crosby 5 sí 2.

Kí ló wá kàn wá níbẹ̀? Ẹ wo àyíká wa. CMS Grammar School, tí Àlùfáà T. B. Macaulay fi ọmọ mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ ní 1859, ṣí wá sí Bàrígà ní 1959, nígbà tó pé ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé. Igbóbì College ti wà létí Ṣómólú láti 1932. St Finbarr's tó wà l'Ákọkà, tí Fadá Slattery dá sílẹ̀ ní 1956, ni Stephen Keshi àti Henry Nwosu ti jáde. Nwosu wà nínú ikọ̀ tó gba ife Áfíríkà ní 1980, Keshi ni kápútẹ̀nì nígbà tí a tún gbà á ní 1994.

Ohun kan ló so gbogbo wọn pọ̀: pápá ilé-ìwé, àti tíṣà tó dúró ti àwọn ọmọ. Lónìí, ojú títì ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń gbá bọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń sá fún kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa ṣọ́ àwọn pápá tó ṣẹ́ kù. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí rẹ̀, kí ẹgbẹ́ wa tètè sọ̀rọ̀, ká má dúró dìgbà tí búlọ́ọ̀kù bá ti délẹ̀.

Ìkejì, a mọ̀ nípa 3 sí 2 ti Kàlàbá torí pé ẹnìkan kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin bàbá wa tẹ́ ẹ gbá bọ́ọ̀lù ilé-ìwé nígbà yẹn, ẹ bá wa mú fọ́tò yín jáde. Ẹ kọ ọdún àti orúkọ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jókòó ti àwọn àgbà yín, kẹ́ ẹ bi wọ́n nígbà tí wọ́n ṣì lè dáhùn.

Ìlú wa ò ní bàjẹ́ o. Àṣẹ.