Agbára Ọ̀dọ́ àti Ojú Àgbà Nínú Iṣẹ́ Ilé Kíkọ́ ní Àbújá

Bí a bá ń ka orúkọ àwọn tó dá Àbújá sílẹ̀, orúkọ àwọn aláṣẹ nìkan ni à ń gbọ́. A kì í dárúkọ àwọn tó po símẹ́ńtì, tí wọ́n sì ru kọnkéré. Bẹ́ẹ̀ sì ni díẹ̀ nínú wọn ni àwọn bàbá tó ń bá wa jókòó ní ìpàdé.

Oṣù Kejì ọdún 1976 ni ìjọba Ọ̀gágun Murtala Muhammed ṣòfin pé Àbújá ni yóò di olú-ìlú, lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ Adájọ́ Akínọlá Àgúdà, ọmọ Yorùbá, ti dá a lábàá. Ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 ni ìjọba kó kúrò ní Èkó wá síbẹ̀. Láàrin ọdún 15 yẹn, bíríkìlà, káfíńtà àti àwọn tó ń di irin wá láti inú gbogbo ẹ̀yà. Àwọn ọmọ tiwa kò gbẹ́yìn. Nyanya wà lára ibi tí irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ tẹ̀dó sí. Ẹni tó jẹ́ ọmọ 20 ọdún ní 1980 ti pé 60 ní 2020.

Àwa tí a ń tajà fún wọn mọ ohun tó ń lé wọn jáde láàárọ̀. Owó kíákíá ni ọ̀dọ́ tí kò tíì láya ń wá. Bí ẹ bá gbé iṣẹ́ fún un ní àgbàṣe, yóò ṣe é di alẹ́. Bó bá jẹ́ owó ojúmọ́ ni, oòrùn ni yóò máa wò. Ẹni ọdún 35 sí 45 ní agbára, ó ní ìmọ̀, owó ilé-ìwé ọmọ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Òun ni gbogbo ọ̀gá ń wá. Ẹni tó ti lé ní 50 kò lè ru búlọ́ọ̀kù bíi ti àtijọ́ mọ́. Ẹ̀yìn àti orúnkún kò gbà fún un. Orúkọ rere ló kù tó ń ṣiṣẹ́ fún.

Iye ẹrù orí ni ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ṣe fi ń díwọ̀n òṣìṣẹ́, kò sì tọ́. Ọ̀dọ́ a máa bu omi kún kọnkéré kó lè rọrùn láti pò. Àgbà mọ̀ pé omi àpọ̀jù ń gba agbára rẹ̀. Ọ̀dọ́ a fẹ́ tètè yọ igi tó gbé dẹ́kìn dúró. Àgbà a ní kó ṣe sùúrù, nítorí ọjọ́ 28 ni àwọn ẹnjiníà fi ń wọn agbára kọnkéré. Ògiri tí a kò wó tún mọ, èrè ni. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ohun tó ń dùn wá ni pé níbi tí wọ́n ti ń ṣa òṣìṣẹ́ láàárọ̀, wọ́n a fo àwọn bàbá wa kọjá. Wọn kò ní owó ìfẹ̀yìntì, nítorí owó ojúmọ́ ni wọ́n ń gbà láti ìgbà èwe. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹlòmíràn jìnnà, ti ẹlòmíràn kò ríṣẹ́. Ìdí nìyí tí ẹni 60 ọdún fi ń ru ohun tó yẹ ọmọ 20.

Ohun mẹ́ta la bẹ̀ yín fún. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé, ẹ fi àgbà ṣe alábòójútó àwọn ọ̀dọ́, kí ẹ sì san owó ìmọ̀ rẹ̀ fún un. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kọ́ṣẹ́ yanjú lọ́dọ̀ ọ̀gá kí ẹ tó dá dúró. Ìkẹta, oṣù Kẹta ọdún 2019 ni ìjọba àpapọ̀ fi ètò owó ìfẹ̀yìntì lọ́lẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò kéékèèké: ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dá a nígbà tí apá ṣì lágbára.