Ẹni tí Ń Sọ̀rọ̀ Nípa Eré: Láti Ẹ̀bá Ọpọ́n Ayò dé Àgbéyẹ̀wò Eré Fídíò

Ní Akofodjoulè, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìletò tí ó wà láàárín àwọn òkè Ìdáàṣà, ẹni tí ó bá ń bọ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta ayò lọ́sàn-án yóò kọ́kọ́ gbọ́ ohùn àwọn tí kò ta á. Àwọn méjì tí ó jókòó ti ọpọ́n kì í sábà sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọwọ́ wọn ni ó ń ṣiṣẹ́. Àwọn òǹwòran ni ó ń sọ ọ́. Ẹnìkan ní kò yẹ kí lágbájá fọwọ́ kan ilé yẹn rárá. Ẹlòmíràn ní ó ti pẹ́ tí ó yẹ kí ó ti rí i pé odù ni alátakò rẹ̀ ń kó jọ. Ẹ̀kẹta ń fi ẹni tí ó ń pàdánù ṣe yẹ̀yẹ́. A kì í ka ọ̀rọ̀ wọn sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n bí a bá fetí sí i dáadáa, àgbéyẹ̀wò ni wọ́n ń ṣe, àgbéyẹ̀wò náà sì ní òfin. Ọ̀ta ni ẹni tí ó mọ ayò ta, ọ̀pẹ ni ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta. Ọ̀pẹ lè wòran títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bí ó bá fẹ́ dájọ́, wọn yóò ní kí ó kọ́kọ́ jókòó ta á ná.

Àwọn ọ̀dọ́ wa ń béèrè nísinsìnyí bí a ti ń kọ àgbéyẹ̀wò eré fídíò tí ó dára. Ìbéèrè náà tọ́, ṣùgbọ́n ìtàn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ gùn ju ti ẹ̀rọ lọ. Kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìlà kan nípa eré orí ẹ̀rọ ní Paris tàbí ní Tokyo, àwọn ènìyàn ti ń kọ̀wé nípa eré tiwa. Àwọn kan kọ ọ́ dáadáa, àwọn mìíràn kò sì rí ohun tí ojú wọn ń wò.

Ní ọdún 1893, ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà ṣe àfihàn ńlá kan láti fi ṣe ìrántí irinwó ọdún tí Columbus gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ náà. Lára ohun tí àwọn ènìyàn ń san owó láti wò ni abúlé kan tí wọ́n pè ní Abúlé Dàhòmì, tí oníṣòwò ará Faransé kan kó ènìyàn wá sí láti Ìwọ̀-oòrùn Áfríkà. Ẹ rántí àkókò náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1892 ni àwọn ọmọ-ogun Dodds wọ Abomey. Béhanzin kò tíì bọ́ sí wọn lọ́wọ́, nítorí oṣù kìíní ọdún 1894 ni ó tó jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Bí nǹkan ti rí nílé nìyẹn nígbà tí àwọn ará Chicago ń lọ wo àwọn ará Dàhòmì bí ẹni ń wo ẹranko inú ọgbà. (Àwa ọmọ Ìdáàṣà náà ní ọ̀rọ̀ tiwa pẹ̀lú Dàhòmì, kì í ṣe nítorí atẹ́gùn tútù ni àwọn baba wa fi gun òkè.)

Ọkùnrin kan wà ní Chicago nígbà náà tí ọkàn rẹ̀ wà lára eré ju ijó lọ. Stewart Culin ni orúkọ rẹ̀, ó ń bójú tó ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní Philadelphia, òun ni ó sì to àwọn eré orílẹ̀-èdè ayé jọ fún àfihàn náà. Ó rí i pé àwọn ará Abúlé Dàhòmì ń ta eré kan lórí ọpọ́n tí ó rí bí ọkọ̀ ojú omi, tí ó ní ihò 12 ní ẹsẹ̀ méjì. Ó béèrè orúkọ, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀: adji ni wọ́n ń pe hóró rẹ̀, adjito sì ni ọpọ́n. Àwọn aládùúgbò wa tí ń sọ èdè Fọ̀n ṣì ń pe eré náà ní adji títí di òní. Àròkọ Culin wà nínú ìròyìn ọdún 1894 ti ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ìjọba Amẹ́ríkà, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1896. Nínú àkọlé rẹ̀ gan-an ni ó ti sọ pé èyí ni eré orílẹ̀ Áfríkà.

Ó yẹ kí a yìn ín. Ní àkókò tí ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé kò rí nǹkan kan ní ilẹ̀ wa ju ẹbọ àti ogun lọ, ó rí ìṣirò. Síbẹ̀, ohun tí ó ń wá ni ọ̀nà tí eré náà gbà tàn káàkiri ayé, láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Síríà dé ọ̀dọ̀ wa. Ọpọ́n ni ó ń wò, kì í ṣe ẹni tí ń ta á. Ẹni tí ó bá ka àròkọ náà tán yóò mọ iye ihò àti irú igi, kò ní mọ ìdí tí àgbàlagbà méjì ṣe lè gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán nítorí hóró 48.

Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn mìíràn kọ tiwọn. Ní ọdún 1927, nínú ìwé Rattray lórí ẹ̀sìn àti iṣẹ́ ọnà àwọn Àṣáńtì, G. T. Bennett, onímọ̀ ìṣirò ní Cambridge, kọ orí kan nípa wari, ó sì to òfin rẹ̀ bí onímọ̀ ìṣirò ti ń to nǹkan. Ní ọdún 1955, Charles Béart, tí ó ti ṣe olùdarí ilé-ẹ̀kọ́ William-Ponty ní Sẹ̀nẹ̀gàl, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Dàhòmì ti kẹ́kọ̀ọ́ di olùkọ́, gbé ìwé apá méjì jáde ní Dakar nípasẹ̀ IFAN: Jeux et jouets de l'Ouest africain. Ó lé ní ojú-ìwé 800. Kò sí ohun tí ọmọdé fi ń ṣeré tí ó kéré jù lójú rẹ̀. Mo gbà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa níyànjú láti wá ìwé yìí kà, kì í ṣe nítorí pé gbogbo ohun tí ó wí ni ó tọ́, bí kò ṣe nítorí sùúrù rẹ̀: olùkọ́ tí ó jókòó wo ọmọdé bí wọ́n ti ń ṣeré, tí kò sì yára sọ pé ìranù ni.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n mú ọ̀kan, ìwé pẹlẹbẹ tí A. O. Odeleye kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí a tẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1977, ni n óò mú. Ẹni tí ó kọ ọ́ wá láti inú ilé. Kò ní láti béèrè orúkọ hóró lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi ayò náà dán ara wa wò. Òfin rẹ̀ kò ju ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ lọ: ilé mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó kàn yóò kó gbogbo ọmọ tí ó wà nínú ilé rẹ̀ kan, yóò sì máa sọ wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sí apá ọ̀tún, yíká ọpọ́n. Bí èyí tí ó kẹ́yìn bá bọ́ sí ilé alátakò, tí ó sì sọ ohun tí ó wà níbẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, ó jẹ wọ́n. Ẹni tí ó bá jẹ ju 24 lọ ni ó borí. Òtítọ́ ni gbogbo èyí, ẹni tí ó kà á sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Bí a bá dúró síbẹ̀, a ti ṣe àpèjúwe, a kò tíì ṣe àgbéyẹ̀wò. Àgbéyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá sọ pé kò sí ohun tí ó pamọ́ nínú ayò, kò sì sí oríire níbẹ̀: hóró gbogbo wà ní gbangba, ẹni tí ó pàdánù kò rí ẹni dá lẹ́bi bí kò ṣe ara rẹ̀, ìdí nìyẹn tí yẹ̀yẹ́ àwọn òǹwòran fi máa ń dùn ún dé egungun. Ó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá sọ bí ó ti rí láti máa kó odù jọ nínú ilé kan, kí o máa díbọ́n bí ẹni pé o gbàgbé rẹ̀, kí alátakò rẹ sì máa ka hóró náà pẹ̀lú ojú lásán.

Ìyàtọ̀ yìí tún hàn kedere ní ọdún 2002. Àwọn onímọ̀ méjì ní yunifásítì Vrije ní Amsterdam, John Romein àti Henri Bal, fi kọ̀ǹpútà ṣírò gbogbo ipò tí ó lè wà lórí ọpọ́n awari, tí í ṣe ọmọ ìyá ayò: 889,063,398,406 ni ó jẹ́. Èsì tí wọ́n rí ni pé bí àwọn méjèèjì kò bá ṣe àṣìṣe kankan, ọ̀mì ni wọn yóò ta. Iṣẹ́ ńlá ni. Àmọ́ ẹni tí ó bá béèrè bóyá kí òun jókòó tì í lónìí tàbí kí òun lọ sí oko, iye yẹn kò dá a lóhùn.

Mo mú iye yìí wá nítorí pé iye ni ó di àrùn àgbéyẹ̀wò eré fídíò. Láti ọdún 1979 ni Bill Kunkel àti Arnie Katz ti ń kọ̀wé déédéé nípa eré wọ̀nyí nínú ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Video. Ní ọdún 1981, àwọn pẹ̀lú Joyce Worley dá Electronic Games sílẹ̀. Ọdún tí ó tẹ̀lé e ni Tilt jáde ní Faransé. Ọjà ni eré jẹ́ lójú ọ̀pọ̀ olùkọ̀wé ìgbà náà, wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò bí ọjà: àwòrán rẹ̀ ńkọ́, ohùn rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó tó owó tí wọ́n ń tà á? Ní Jàpáànì, ìwé ìròyìn Famitsu, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1986, yan ènìyàn mẹ́rin sórí eré kọ̀ọ̀kan, ẹnì kọ̀ọ̀kan fún un ní máàkì lórí 10, wọ́n sì ro ó pọ̀ di 40. Ọdún 1998 ni eré kan tó kọ́kọ́ gba 40 pé pérépéré, Ocarina of Time ti Nintendo. Èyí tí àwọn ọmọ wa ń kà jù, jeuxvideo.com, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1997, ó sì ń fún eré ní máàkì lórí 20. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó ṣe BAC ní Benin mọ ìwúwo ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 20 yẹn. A ti kọ́ wa láti kékeré pé máàkì ni ìdájọ́, ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni a kì í kà.

Ewu rẹ̀ kì í ṣe ti ojú lásán. Láti ọdún 2001 ni Metacritic ti ń kó máàkì àwọn olùgbéyẹ̀wò jọ tí ó ń sọ wọ́n di ẹyọ kan. Ní ọdún 2012, Chris Avellone ti ilé-iṣẹ́ Obsidian sọ ní gbangba pé àwọn yóò gba àjẹmọ́nú bí Fallout: New Vegas, tí ó jáde ní ọdún 2010, bá gba 85 níbẹ̀. Ó gba 84. Ẹyọ kan péré, láti inú ìdájọ́ àwọn tí kò mọ̀ rárá pé owó ẹlòmíràn ni àwọn ń ṣírò. Ní ọdún 2015 ni Eurogamer pa máàkì tì pátápátá, ó sì tún dá a padà ní ọdún 2023, èyí tí ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn. Ní tèmi, n kò fẹ́ máàkì nínú ìwé ìròyìn yìí.

Eré kan tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni Aurion: Legacy of the Kori-Odan, tí Kiro'o Games ti Yaoundé gbé jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2016, lábẹ́ ìdarí Olivier Madiba. Ọmọ ọba kan, Enzo, pàdánù ìtẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ àna rẹ̀ ní ọjọ́ ìwúyè àti ìgbéyàwó rẹ̀, òun àti aya rẹ̀ Erine sì jáde lọ wá agbára tí wọn yóò fi gba ìlú wọn padà. Agbára náà ti ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá wọn wá. Ọ̀pọ̀ ohun tí a kọ nípa rẹ̀ ní òkèèrè kò kúrò lórí pé ọmọ Áfríkà ni ó ṣe é. Culin ni mo rántí: wọ́n rí ọpọ́n, wọn kò rí ayò. Oore àánú kì í ṣe àgbéyẹ̀wò. Ẹni tí ó dàgbà ní ilé tí wọ́n ti ń ké pe baba ńlá ní ìbéèrè tí ará Paris kò lè bi eré yìí. Ṣé ẹni tí ń ta á mọ̀ pé òun jẹ àwọn baba náà ní gbèsè, àbí bọ́tìnnì lásán ni wọ́n, tí a tẹ̀ tí iná sì jáde? Ṣé aya Enzo jẹ́ aya lóòótọ́ nínú ìrìn àjò náà, àbí ohun ìjà kejì ni? Kí ó ta á, kí ó dáhùn, kí ó má sì bẹ̀rù láti sọ ibi tí ó ti sú u, bí ọ̀rọ̀ bá pọ̀ jù láàárín ìjà kan àti èkejì.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ̀wé, ẹ ta eré náà parí. Bí ẹ kò bá parí rẹ̀, ẹ sọ ibi tí ẹ dúró sí. Ẹ sọ irú fóònù tàbí ẹ̀rọ tí ẹ fi ta á, nítorí eré tí ń sáré lórí ẹ̀rọ olówó ńlá ní Cotonou lè máa wọ́ bí ìgbín lórí fóònù tí ọmọ Akofodjoulè yá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí ó bá ń jẹ owó íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ iye rẹ̀. Bí ẹnìkan bá fún yín ní eré náà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ jẹ́ kí òǹkàwé mọ̀. Ẹ má sọ bí ìtàn rẹ̀ ti parí.

Ọ̀rọ̀ èdè ni ó kù. Wọ́n máa ń sọ fún mi pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tí a lè fi kọ irú nǹkan báyìí. Ẹ̀bá ọpọ́n kún fún un: ọ̀ta, ọ̀pẹ, odù, ọ̀mì, ilé, jíjẹ. Ibi tí wọn kò bá tó, kí a yá ti Faransé láìtijú. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí a kọ ọ́ ní Faransé tán kí a tó máa wá Yorùbá tí yóò bò ó mọ́lẹ̀. Ojú-ìwé méjèèjì ìwé ìròyìn yìí kò ní òǹkàwé kan náà. Ohun tí a ní láti ṣàlàyé fún ọ̀kan, èkejì ti mọ̀ ọ́n láti ilé.

Ẹni tí yóò bá bẹ̀rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ kọ ojú-ìwé kan péré nípa ayò bí wọ́n ti ń ta á ní Akofodjoulè, kí ó mú un lọ síbi ọpọ́n ní ọ̀sán, kí ó sì kà á sókè sí etí àwọn òǹwòran. Wọn yóò sọ ibi tí ó ti ṣì í.