Tẹ́ḿpìlì ọjọ́ ìkẹyìn: Ṣé Jerúsálẹ́mù ni yóò ti dúró, àbí ó ti wà ní Kumasi?

Ó ti lé ní ọ̀rúndún kan tí àwọn Krìstẹ́nì ìlú Kumasi, olú ìlú ilẹ̀ Ashanti ní orílẹ̀-èdè Ghana, ti ń ka ẹsẹ Bíbélì kan náà tí wọn kò sì fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Ẹsẹ náà wà nínú ìwé kejì sí àwọn ará Tẹsalóníkà, orí kejì. Níbẹ̀ ni àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù ti kìlọ̀ pé kí ọjọ́ Olúwa tó dé, ẹnì kan tí ó pè ní ẹni ẹ̀ṣẹ̀ yóò fara hàn, yóò wọ inú tẹ́ḿpìlì lọ, yóò sì fi ara rẹ̀ ṣe Ọlọ́run níbẹ̀.

Tẹ́ḿpìlì wo? Èyí tí ó wà ní Jerúsálẹ́mù nígbà ayé Pọ́ọ̀lù ti di eérú ní ọdún 70 lẹ́yìn ìbí Krístì. Nítorí náà, ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ ní láti yan ọ̀kan: bóyá wọn yóò tún ilé náà kọ́, bóyá àsọtẹ́lẹ̀ náà ti ṣẹ kí ilé náà tó wó, tàbí kí ó jẹ́ pé kì í ṣe ilé olókùúta ni àpọ́sítélì ń sọ rárá.

Èdè pàápàá dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá yá ọ̀rọ̀ lò: wọ́n ní 'tẹ́ḿpìlì', ọ̀rọ̀ tí kò sẹ́ni tó ń fi pe ilé ìjọsìn àdúgbò rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ, Jerúsálẹ́mù ni ọkàn rẹ̀ ń lọ. Nínú Bíbélì èdè Twi, èyí tí Johannes Christaller ti ìjọ Basel parí ní ọdún 1871 fún àwọn ará Akuapem, tí ti èdè Asante sì jáde ní ọdún 1964, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Láti ara 'asɔre', tí í ṣe ìjọ tàbí ìsìn, ni wọ́n ti ṣẹ̀dá orúkọ tẹ́ḿpìlì: asɔredan tàbí asɔrefie, ilé ìjọsìn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ará Kumasi fi ń pe ibi tó ń lọ ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi.

Nígbà kan, òǹkàwé méjèèjì yìí wà ní ìlú kan náà. Àwọn oníṣòwò Yorùbá pọ̀ ní Kumasi, àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ sì wà lára àwọn tó dá ìjọ Onítẹ̀bọmi sílẹ̀ ní Gold Coast, tí wọ́n ń ka Bíbélì Yorùbá nínú wọn. Nígbà tí ìjọba Kofi Busia pàṣẹ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjòjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ nínú wọn kó ẹrù wọn padà wálé, àwọn ìjọ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Àwọn ọmọ Ghana ló gbé iṣẹ́ náà lọ síwájú, ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn wọn sì wà ní Abuakwa lẹ́bàá Kumasi títí di òní.

Ilé tí ó wó lẹ́ẹ̀mejì

Ọba Sólómọ́nì ló kọ́ tẹ́ḿpìlì àkọ́kọ́, àwọn ará Bábílónì sì wó o ní nǹkan bí ọdún 586 ṣáájú ìbí Krístì. Àwọn tó ti ìgbèkùn dé tún un kọ́, Hẹ́rọ́dù Ọba sì sọ ọ́ di ilé ńlá tí gbogbo ayé ń wò. Ọmọ ogun Róòmù lábẹ́ Titus ló dáná sun ún. Ọ̀pá fìtílà oníwúrà tí wọ́n kó níbẹ̀ ṣì wà lára òkúta fífín tí wọ́n fi ṣe ìrántí ìṣẹ́gun Titus ní ìlú Róòmù. Ọba Julian ti Róòmù gbìyànjú láti jẹ́ kí wọ́n tún un kọ́ ní ọdún 363, iṣẹ́ náà kò yọrí. Ní òpin ọ̀rúndún keje ni àwọn Mùsùlùmí kọ́ ilé olórùlé roboto tí a mọ̀ sí Dome of the Rock sórí pèpéle náà. Mọ́sálásí Al-Aqsa wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ibẹ̀ sì wà lára àwọn ilẹ̀ mímọ́ jùlọ fún Mùsùlùmí.

Ará Kumasi kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un bí ó ti rí kí àjòjì sun ilé mímọ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 1896, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì dáná sun ilé tí wọ́n ń tọ́jú egungun àwọn ọba Asante sí ní Bantama, wọ́n sì mú Ọba Prempeh Kìíní lọ sí ìgbèkùn. Ọdún kan náà ni Fritz Ramseyer, òjíṣẹ́ ìjọ Basel tí àwọn Asante ti fi ṣe òǹdè ní Kumasi títí di ọdún 1874, padà wá dá ibùdó ìjọ rẹ̀ sílẹ̀. Láàárín eérú yẹn ni ẹ̀kọ́ tẹ́ḿpìlì ti fìdí múlẹ̀.

Ìjọ Basel fúnra rẹ̀ jáde láti àárín àwọn onígbàgbọ́ ilẹ̀ Jámánì àti Switzerland tí ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìkẹyìn jẹ lógún. Johann Albrecht Bengel, olùkọ́ tí àwọn ènìyàn náà bọ̀wọ̀ fún púpọ̀, ti ṣírò pé ọdún 1836 ni ìjọba ẹgbẹ̀rún ọdún yóò bẹ̀rẹ̀. Ọdún náà wá, ó sì kọjá. Ìjọ Presbyterian tí iṣẹ́ Basel bí ní Ghana kò sọ ìṣirò ọjọ́ di ẹ̀kọ́.

Àwọn tí ń retí tẹ́ḿpìlì kẹta

Ẹ̀kọ́ tí ó gbajúmọ̀ jù lẹ́nu àwọn oníwàásù Pẹ́ńtíkọ́sì ní Ghana àti Nàìjíríà lónìí kò ti ọ̀dọ̀ Ramseyer wá. John Nelson Darby, ọmọ bíbí London tó ṣe àlùfáà ní Ireland ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ló tò ó jọ. Bíbélì alálàyé tí Cyrus Scofield tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1909 gbé e káàkiri, ìwé Hal Lindsey ti ọdún 1970 sì gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò tilẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì rí. Lẹ́yìn náà ni fíìmù, kásẹ́ẹ̀tì ìwàásù àti rédíò gbà á.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe àlàyé rẹ̀ nìyí. Ìwé Dáníẹ́lì orí kẹsàn-án sọ nípa àádọ́rin ọ̀sẹ̀, wọ́n sì ka ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ọdún méje. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mọ́kàndínláàádọ́rin ti kọjá kí wọ́n tó kan Jésù mọ́ àgbélébùú, aago àsọtẹ́lẹ̀ sì dúró níbẹ̀ nítorí ìjọ. Ọ̀sẹ̀ kan ló kù. Nígbà tí ìjọ bá ti gòkè lọ, Aṣòdì sí Krístì yóò bá àwọn Júù dá májẹ̀mú ọdún méje. Ní àárín rẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀, yóò fi òpin sí ẹbọ. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti so kọ́: ẹbọ kò lè dáwọ́ dúró àfi bí wọ́n bá ti ń rú u, wọn kò sì lè rú u láìsí tẹ́ḿpìlì. Nítorí náà, tẹ́ḿpìlì gbọ́dọ̀ wà.

Nígbà tí wọ́n dá orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì sílẹ̀ ní ọdún 1948, tí ọmọ ogun rẹ̀ sì gba ìlú àtijọ́ Jerúsálẹ́mù ní oṣù Kẹfà ọdún 1967, àwọn onígbàgbọ́ yìí rí i bí ẹni pé ilẹ̀kùn ń ṣí. Ní ọdún 1987, àwọn Júù kan dá iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Temple Institute sílẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù, wọ́n sì ti ń ṣe ohun èlò àti aṣọ àlùfáà fún tẹ́ḿpìlì tí wọ́n ń retí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, wọ́n kó abo màlúù pupa márùn-ún wọ Ísírẹ́lì láti ìpínlẹ̀ Texas, nítorí ìwé Númérì orí kọkàndínlógún ní eérú irú màlúù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń wẹ ènìyàn mọ́.

Ohun tí ẹ̀kọ́ yìí kò rí ìdáhùn tó rọrùn fún ni ìwé Hébérù. Ìwé náà sọ pé ẹbọ Jésù kan ṣoṣo tó títí láé. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni Krìstẹ́nì ń yọ̀ sí nígbà tí ẹlòmíràn bá ń múra láti tún rú ẹbọ ẹran? Àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ náà ń dáhùn pé Ọlọ́run kò ní fọwọ́ sí ẹbọ náà, pé ó kàn gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kí àsọtẹ́lẹ̀ lè ṣẹ ni. Àwọn alátakò sì ń tọ́ka sí i pé àlàfo tí ó wà láàárín ọ̀sẹ̀ mọ́kàndínláàádọ́rin àti ọ̀kan tó kù kò sí nínú ọ̀rọ̀ Dáníẹ́lì; òǹkàwé ló fi í síbẹ̀.

Àwọn tó ní ó ti ṣẹ, àti àwọn tó ní ọ̀run ló wà

Àwọn mìíràn ka àsọtẹ́lẹ̀ náà sí ohun àtijọ́. Ní ọdún 167 ṣáájú ìbí Krístì, Ọba Antiochus sọ tẹ́ḿpìlì di ibi ìbọrìṣà. Ní nǹkan bí ọdún 40, Caligula ti Róòmù pàṣẹ kí wọ́n gbé ère òun síbẹ̀. Ikú rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó ṣeé ṣe. Ó ṣeé ṣe kí Pọ́ọ̀lù àti àwọn tó kọ̀wé sí ti gbọ́ ìròyìn yẹn. Nígbà tí Jésù sì sọ nípa ìríra ìsọdahoro nínú Mátíù orí kẹrìnlélógún, Lúùkù orí kọkànlélógún sọ ọ́ pé ogun yóò yí Jerúsálẹ́mù ká, èyí sì ṣẹlẹ̀ lójú ìran náà. Àlàyé yìí bá ìtàn mu dáadáa. Àmọ́ Pọ́ọ̀lù sọ pé wíwá Olúwa ni yóò pa ẹni ẹ̀ṣẹ̀ náà run, kò sì rọrùn láti fi ọdún 70 dáhùn ìyẹn.

Àwọn Adventist, tí ìjọ wọn ní ilé ìwòsàn ní Kwadaso ní Kumasi, kò wo Jerúsálẹ́mù rárá. Ibi mímọ́ tí ó wà ní ọ̀run ni wọ́n gbà pé Dáníẹ́lì orí kẹjọ ń sọ, wọ́n sì ní Jésù bẹ̀rẹ̀ apá ìkẹyìn nínú iṣẹ́ àlùfáà rẹ̀ níbẹ̀ ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 1844.

Ìjọ Mormon ní tirẹ̀ ń kọ́ tẹ́ḿpìlì gidi, kì í sì í ṣe ní Jerúsálẹ́mù nìkan ni wọ́n ń rò ó sí. Wọ́n ya ti Accra sí mímọ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2004, ti Aba ní Nàìjíríà ní ọdún 2005, wọ́n sì kéde ní oṣù Kẹrin ọdún 2021 pé àwọn yóò kọ́ ọ̀kan sí Kumasi. Ọ̀tọ̀ ni èyí sí ilé ìjọsìn ọjọ́ Ìsinmi wọn: ọmọ ìjọ tí àwọn alàgbà bá fún ní ìwé àṣẹ nìkan ló ń wọ̀ ọ́, níbẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣe ìrìbọmi nítorí àwọn tó ti kú.

Nígbà tí ìtumọ̀ bá di iná

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún 1969, Denis Michael Rohan, Krìstẹ́nì kan láti Ọsirélíà, ti iná bọ Mọ́sálásí Al-Aqsa nítorí ó gbà pé òun gbọ́dọ̀ la ọ̀nà fún tẹ́ḿpìlì. Ilé ẹjọ́ rí i pé orí rẹ̀ kò pé, wọ́n sì fi í sí ilé ìwòsàn. Àmọ́ àga ìwàásù àtayébáyé kan ti jóná, ìbínú sì gba ayé Mùsùlùmí. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni àwọn olórí orílẹ̀-èdè wọn pàdé ní Rabat, níbi tí àjọ tí a mọ̀ sí OIC ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, nígbà tí ogun Gaza ń jà, agbẹnusọ ẹ̀ka ológun Hamas dárúkọ àwọn màlúù pupa náà. Ẹni tí ó bá ń gbàdúrà kí tẹ́ḿpìlì yára dìde, bó mọ̀ ọ́n bí kò mọ̀ ọ́n, ohun tí yóò gba ẹ̀mí ènìyàn ló ń bèèrè, torí ilẹ̀ náà kò ṣófo.

Bí ó bá jẹ́ ìjọ ni tẹ́ḿpìlì

Nínú ìwé kìíní sí àwọn ará Kọ́ríńtì, Pọ́ọ̀lù sọ fún àwọn onígbàgbọ́ pé àwọn gan-an ni tẹ́ḿpìlì Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó lò níbẹ̀, naos, náà ló wà nínú ìwé sí Tẹsalóníkà. Orí èyí ni Martin Luther àti John Calvin dúró lé nígbà tí wọ́n ní àárín ìjọ ni ẹni ẹ̀ṣẹ̀ yóò jókòó sí, Póòpù ni wọ́n sì nàka sí. Ìjọ Kátólíìkì kò gba ìyẹn, òun náà kò sì kọ́ ọmọ ìjọ rẹ̀ láti máa retí ilé olókùúta.

Ìtumọ̀ yìí ni kò wọ́pọ̀ lórí rédíò, ó sì ṣeé ṣe kí ó má rọrùn fún oníwàásù láti sọ. Màlúù Texas jìnnà. Kò ní bá ẹnikẹ́ni fa wàhálà ní Kumasi. Ṣùgbọ́n bí ìjọ bá ni tẹ́ḿpìlì, ìbéèrè náà yí padà sí àga iwájú: ta ni ń gba ìyìn tó tọ́ sí Ọlọ́run, àwòrán ta ni ó wà lójú pátákó ìpolówó, ọ̀rọ̀ ta ni ọmọ ìjọ kò gbọdọ̀ béèrè ìdí rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nínú ìjọ. Irenaeus, bíṣọ́ọ̀bù Lyon ní ọ̀rúndún kejì, ní Jerúsálẹ́mù ni yóò ti ṣẹlẹ̀. Ní nǹkan bí igba ọdún lẹ́yìn rẹ̀, John Chrysostom wàásù pé kì í ṣe Jerúsálẹ́mù nìkan, pé gbogbo ìjọ ni, èyí tí ẹni tó ń ka asɔredan nínú Bíbélì rẹ̀ lè gbọ́ láìsí ògbufọ̀. Augustine, ọmọ Áfíríkà tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Hippo, gbé ìtumọ̀ méjèèjì kalẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ lórí Ìlú Ọlọ́run, ó sì jẹ́wọ́ pé kò dá òun lójú èwo ni àpọ́sítélì ní lọ́kàn.