Táǹkì epo ńlá nínú Mini àtijọ́

Mini àtijọ́ ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré tí ilé-iṣẹ́ British Motor Corporation (BMC) gbé jáde ní Britain ní oṣù Kẹjọ ọdún 1959, tí wọn kò sì ṣíwọ́ ṣíṣe rẹ̀ títí di oṣù Kẹwàá ọdún 2000. Iye tí wọ́n ṣe ju mílíọ̀nù 5 lọ. Táǹkì àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ ń gba gálọ́ọ̀nù Gẹ̀ẹ́sì 5.5, ìyẹn lítà 25. Ti àwọn tó dé lẹ́yìn ń gba 7.5, ìyẹn lítà 34. Nítorí lítà 9 yìí ni àwọn tó ní Mini tó ti dàgbà ṣe máa ń wá táǹkì àbúrò rẹ̀ kiri.

Kíkéré tí táǹkì yẹn kéré kò ṣẹ̀yìn làásìgbò Suez ọdún 1956. Bẹntiróòlù di ọ̀wọ́n ní Britain, ìjọba sì ń wọ̀n ọ́n pín fún ará ìlú. Leonard Lord, ọ̀gá àgbà BMC, ní kí Alec Issigonis ṣe ọkọ̀ kékeré tí kò ní máa jẹ epo. Issigonis gbé ẹ́ńjìnnì sí ìbú, ó ki jíà sí abẹ́ rẹ̀, ó sì fi èyí tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ tí gígùn rẹ̀ kò ju mítà 3 àti díẹ̀ lọ sílẹ̀ fún èèyàn mẹ́rin. Búùtù ló wá fara gbá a. Táǹkì dúró ní igun apá òsì, bátìrì àti táyà ìpààrọ̀ sì há mọ́ ara wọn nínú ilẹ̀ búùtù.

Lítà 25 tó ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ tó ń bọ̀ wálé. Ọ̀nà jíjìn ló ń fi í hàn. Bí ọkọ̀ bá ń jẹ lítà 7 ní kìlómítà 100, táǹkì kékeré yóò gbé e dé nǹkan bíi kìlómítà 350, ńlá yóò sì gbé e kọjá 480. Àwọn tó ń fi Mini sáré ìdíje, irú èyí tó gba Monte Carlo ní 1964, 1965 àti 1967, mọ ìṣòro yìí dáadáa. Ní 1966 ni ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi táǹkì kejì sí apá ọ̀tún Mini Cooper S, tí méjèèjì jọ ń gba lítà 50. Àwọn kan ṣì ń fi táǹkì kejì sí ọkọ̀ wọn lónìí, ṣùgbọ́n èèyàn ní láti dá ihò sí ara ọkọ̀ kí ọ̀fun táǹkì tó lè yọ síta, ẹrù tó sì lè wọ búùtù yóò dín kù gan-an. Àfi ẹni tó fẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ jọ Cooper S ni irú wàhálà bẹ́ẹ̀ yẹ. Táǹkì ńlá kan ṣoṣo sàn jù.

Ibi tí kékeré wà náà ni ńlá ń jókòó sí, ṣùgbọ́n ó wú sí àárín búùtù jù ú lọ. Kí wọ́n tó dè é pinpin, kí wọ́n kọ́kọ́ ti táyà ìpààrọ̀ wọlé, kí wọ́n sì fà á jáde, kí wọ́n mọ̀ bóyá ààyè ṣì wà. Ẹ̀rọ tó ń wọn epo, tó ní apá tó ń léfòó nínú táǹkì, gbọ́dọ̀ jẹ́ ti táǹkì ńlá náà. Bí wọ́n bá fi ti kékeré sínú rẹ̀, gééjì yóò máa purọ́: ó lè sọ pé epo ṣẹ́ kù nígbà tí ọkọ̀ ti fẹ́ kú sójú títì.

Mímí táǹkì ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Bí epo ṣe ń jáde, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa rọ́pò rẹ̀, yálà láti inú ìdérí tàbí láti inú páìpù kékeré kan. Ẹni tó bá fi ìdérí tí kò ní ihò sórí táǹkì tí páìpù rẹ̀ ti dí yóò rí i pé ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fà tìkọ̀tìkọ̀, á sì kú. Bó bá ṣí ìdérí, afẹ́fẹ́ á wọlé pẹ̀lú ariwo ṣììì, ẹ́ńjìnnì á sì tún dáhùn. Mẹkáníìkì tí kò bá mọ èyí á ti máa tú kábúrétọ̀ tí kò ṣẹ̀.

Táǹkì Mini tó ń lo ìjẹ́kíṣọ̀n, tó jáde láti ọdún 1991, tún yàtọ̀: pọ́ǹpù iná wà nínú rẹ̀, ó sì ní páìpù tó ń dá epo padà. Agbára pọ́ǹpù náà pọ̀ ju ohun tí kábúrétọ̀ lè gbà lọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ọ́, kí wọ́n sì dí ojú páìpù ìdápadà kí táǹkì náà tó wọ ọkọ̀ àgbà.

Bátìrì wà nítòsí táǹkì gan-an, nítorí náà wáyà rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú. Táǹkì tí wọ́n ti fa epo inú rẹ̀ tán léwu ju èyí tó kún lọ, torí èéfín bẹntiróòlù tó ṣẹ́ kù sínú rẹ̀ ló ń bú gbàù bí iná wẹ́lídà bá kàn án. Rọ́bà epo náà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ti àtijọ́. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 ni epo E10, tí ethanol inú rẹ̀ lè tó ìdá 10 nínú 100, ti di bẹntiróòlù gbogbogbòò ní Britain. Ó máa ń jẹ rọ́bà àtijọ́, ethanol sì ń fa omi mọ́ra, omi náà á sì dá ìpẹtà sí ìsàlẹ̀ táǹkì tó bá dúró pẹ́ láìrìn.