Òṣómàáàlò àti Ilé-Ìwé Gírámà Wa

Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà nílé àti lẹ́yìn odi, bí a bá ń sọ ìtàn ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn míṣọ́nnárì ni a máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ oníṣòwò wà níbẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí Àlùfáà T. B. Macaulay dá Ilé-Ìwé Gírámà C.M.S. sílẹ̀ ní Èkó ní 1859, Kápítéènì J. P. L. Davies, oníṣòwò ojú òkun, ni ó fún un ní £50 láti fi ra ìwé àti ohun èlò. Ọmọ mẹ́fà péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Ní Iléṣà, a kò ní ọlọ́kọ̀ òkun. Òṣómàáàlò ni a ní. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, tí ilé ìtajà àwọn òyìnbó sì tẹ̀ lé e, àwọn baba wa a máa ra aṣọ, wọn a rù ú lọ sí abúlé jíjìnnà, wọn a sì tà á láwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé, Òṣómàáàlò á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè: òṣó ni òun yóò ló títí òun yóò fi gba owó òun. Wọ́n fi orúkọ náà ṣe wá yẹ̀yẹ́. Àwa fi ṣe oyè. Tọ́rọ́ níhìn-ín, sísì lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni owó náà ṣe ń wọlé.

Ní àkókò náà, ọmọ tí ó bá fẹ́ ka ìwé gírámà ní láti fi ilé sílẹ̀. Abẹ́òkúta ti ní tirẹ̀ láti 1908, Ìbàdàn àti Ìjẹ̀bú-Òde láti 1913. Ọmọ tí baba rẹ̀ kò bá lágbára, ibi tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ mọ nìyẹn. Ní 1934 ni Ẹgbẹ́ Atúnlùṣe dá Ilé-Ìwé Gírámà Iléṣà sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni owó kòkó ti wó lulẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930. Àwọn akọ̀wé wà nínú iṣẹ́ náà, a kò ní fi ọlá wọn dù wọ́n. Ṣùgbọ́n owó tí ń yí ká ìlú nígbà náà, ọwọ́ Òṣómàáàlò àti àgbẹ̀ oníkòkó ni ó ti ń wá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò jókòó ní irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ rí.

Ní January 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nínú àwọn ọdún 1970, ìjọba gba àkóso ilé-ìwé lọ́wọ́ ìjọ àti ìlú. A kò bá ìjọba jà, oore ńlá ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Síbẹ̀, láti ìgbà náà ni oníṣòwò ti ń wo ilé-ìwé bí ohun onílé mìíràn. Bí a bá pe ìkówójọ, a ó gbọ́ ìlérí ńláńlá nídìí makirofóònù (àwọn mìíràn kì í sì í rántí ìlérí náà mọ́ bí àsè bá ti tán).

Lójú tiwa, ohun kékeré tí ó ń padà wá ni ó sàn jù. Kí onípákó tún àga kíláàsì kan ṣe, kí atẹ̀wé tọ́jú ìwé fún òmíràn, kí oníṣẹ́ ọkọ̀ gba àwọn ọmọ wọ ibi iṣẹ́ rẹ̀ nígbà ìsinmi. Kí olúkúlùkù wọn sì padà lọ wò ó ní sáà kejì, gẹ́gẹ́ bí Òṣómàáàlò ti ń padà sí ẹnu ọ̀nà tí ó tajà sí.

Ẹ̀yin tí baba yín ṣe iṣẹ́ náà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ yẹ àpótí wọn wò. Bí ẹ bá rí ìwé-ẹ̀rí owó ìdáwó ilé-ìwé, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́, kí a lè kọ orúkọ wọn sílẹ̀.