Fela ní Los Angeles, 1969

Ogun Bìáfírà ṣì ń jà nílé nígbà tí Fela kó Koola Lobitos lọ sí Amẹ́ríkà ní 1969. Wọn ò ní ìwé àṣẹ iṣẹ́, owó ò sí lápò; síbẹ̀ wọ́n gbohùn orin sílẹ̀ ní Los Angeles.

Nínú orin wọ̀nyẹn ni “Viva Nigeria” wà, níbi tí Fela ti ń wàásù ìṣọ̀kan bí ẹni pé ìjọba ló rán an níṣẹ́. Àwa tá à ń kì í ní Abàmì Ẹ̀dá kì í fẹ́ rántí ìyẹn rárá! Àmọ́ ẹ gbọ́ “My Lady Frustration”, tó kọ fún Sandra Smith, obìnrin tó là á lójú sí ìjà àwọn aláwọ̀ dúdú: háíláìfù ti ń di Afrobeat níbẹ̀, ìlù Tony Allen ò jẹ́ kẹ́sẹ̀ sinmi.

Nígbà tí wọ́n padà dé Èkó, ẹgbẹ́ náà ti di Nigeria 70.