‘Off the light’: Bí Wúnrẹ̀n Gẹ̀ẹ́sì Kan Ṣe Di Ọ̀rọ̀-Ìṣe Lẹ́nu Wa

Ìtumọ̀ ‘put off’ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì ju ẹyọ kan lọ, Yorùbá kò sì ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó lè ru gbogbo wọn. Tó bá jẹ́ iná ni, pípa ni. Tó bá jẹ́ ìpàdé tàbí ìdìbò ni, sísún síwájú ni: irú èyí ni INEC ṣe nígbà tó gbé ìdìbò ààrẹ ọdún 2015 kúrò ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì lọ sí ọjọ́ 28 oṣù Kẹta, tó sì tún gbé ti ọdún 2019 láti ọjọ́ 16 sí ọjọ́ 23 oṣù Kejì. Tó bá jẹ́ ìwà ẹnì kan ló fà á, a ó ní ìwà náà lé èèyàn sá. Ìtumọ̀ kẹrin ti ń di ti àtijọ́: nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ọdún 1611, ọ̀rọ̀ yìí ni Ọlọ́run fi pàṣẹ fún Mósè pé kó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀kan péré nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ti iná, ló bí ohun tuntun lẹ́nu wa. Láti Ìkẹ́rẹ́ dé Èmùré àti Àgbàdo ní Èkìtì, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, a ń gbọ́ ‘off the light’ nígbà tí a bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, a sì ń gbọ́ ‘ó ti ọ́ọ̀fù fóònù rẹ̀’ nígbà tí a bá ń sọ Yorùbá. ‘Put’ ti pòórá; wúnrẹ̀n kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti gba ipò ọ̀rọ̀-ìṣe. Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé gírámà Yorùbá ló fi í sí ipò náà, kì í ṣe àìgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ jẹ́ ká wo bí èdè wa ṣe ń sọ ipò tí nǹkan wà. Gẹ̀ẹ́sì nílò ‘is’ kó tó lè sọ pé òkè ga tàbí pé iná kò tàn mọ́. Yorùbá kò nílò irú rẹ̀: ‘ga’ fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀-ìṣe nínú ‘òkè náà ga’, ‘kú’ sì ni nínú ‘iná ti kú’. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ Yorùbá bá gbọ́ ‘the light is off’, ‘off’ ló ń gbọ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe, torí òun ló ń sọ ipò iná. Ìgbésẹ̀ kejì ló wá ṣe pàtàkì jù. Yorùbá ní ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe tó lè dúró láìní àbọ̀, tí olùwà wọn á sì di àbọ̀ bí ẹlòmíràn bá dá ọwọ́ lé e. Okùn já, ó já okùn. Ìgò fọ́, ó fọ́ ìgò. Ilẹ̀kùn ṣí, ó ṣí ilẹ̀kùn. Fi ‘fóònù rẹ̀ ti ọ́ọ̀fù’ àti ‘ó ti ọ́ọ̀fù fóònù rẹ̀’ sí ẹ̀gbẹ́ wọn, a ó rí i pé ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀. ‘Ọ́ọ̀nù’ náà ń bá a rìn: jẹnẹrétọ̀ ti ọ́ọ̀nù, wọ́n ti ọ́ọ̀nù jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀ka-èdè kò yí èyí padà. Ará Èkìtì lè pe iná ní ‘uná’, àmọ́ pípa náà ló ń pa á. Bí ẹnì kan bá sì béèrè ìdí tí a fi ń yá ọ̀rọ̀ nígbà tí ‘pa’ àti ‘kú’ wà nílẹ̀, ìdáhùn wà: fóònù tó kú lè jẹ́ èyí tó bàjẹ́ pátápátá, èyí tó ọ́ọ̀fù ṣì ń bọ̀ wá tàn.

Bí àlàyé yìí bá tọ̀nà, ó yẹ kó lè sọ ohun tí a kò ní gbọ́. Wúnrẹ̀n tó bá lè dúró lẹ́yìn ‘is’ láti sọ ipò nǹkan nìkan ló yẹ kó di ọ̀rọ̀-ìṣe. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. ‘Look after’ wọ́pọ̀ gan-an nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń sọ ‘after the child’ fún ìtọ́jú ọmọ, torí ‘the child is after’ kò sọ ipò kankan. Bákan náà, a kì í gbọ́ ‘INEC off the election’ nígbà tí wọ́n bá sún ìdìbò síwájú. Ìdìbò tó bá wà ní ipò ‘off’, èyí tí wọ́n ti wọ́gi lé ni, kò sí ọjọ́ mìíràn fún un. Wúnrẹ̀n náà kò bá ìtumọ̀ sísún mu, a sì fi í sílẹ̀. Ẹ̀rí mìíràn wà nínú ohun tí a ń yọ kúrò àti ohun tí a ń fi kún un. A ń sọ ‘pick the call’ láìsí ‘up’, torí ‘gbé’ nìkan ti tó nínú ‘gbé fóònù’. A sì ń sọ ‘voice out’, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì Lọ́ńdọ́ọ̀nù ti gbà pé ‘voice’ nìkan tó, torí ‘sọ’ wa ní ‘jáde’ lẹ́yìn: ó sọ ọ́ jáde. Ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣe ì bá máa yọ, ì bá máa fi kún un láìní ìlànà. Èyí ní ìlànà.

Àtakò tó le jù ni pé ‘off the light’ kì í ṣe tiwa nìkan. Wọ́n ń sọ ọ́ ní Singapore, níbi tí kò sí gírámà Yorùbá tó lè fà á. Òótọ́ ni, ó sì yẹ kó mú wa tún ọ̀rọ̀ wa sọ lọ́nà tó péye sí i. Èdè Ṣáínà, tí ọ̀pọ̀ ará Singapore jogún, náà ń lo ẹyọ ọ̀rọ̀-ìṣe kan fún pípa iná. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn ni. Hausa ń sọ ‘kashe wuta’, pípa náà sì ni. Ìgbò ń so ọ̀rọ̀-ìṣe méjì pọ̀ nínú ‘gbanyụọ ọkụ’. Kò sí èyí tó fi ọ̀rọ̀ náà lé wúnrẹ̀n kékeré lọ́wọ́ bí Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe. Ohun tí Singapore ń kọ́ wa ni pé Yorùbá kò dá nìkan wà láàárín àwọn èdè tó ń béèrè ọ̀rọ̀-ìṣe gidi níbẹ̀. Kò bi ẹ̀rí ‘já’ àti ‘fọ́’ wó. Àwọn kan á tún ní Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ń lo ‘off’ bí ọ̀rọ̀-ìṣe. Ó ń lò ó, ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn ọmọ ìta Amẹ́ríkà, èèyàn ni wọ́n ń fi ‘off’, ìyẹn ni pé wọ́n pa á. Ó ṣòro láti gbà pé ibẹ̀ ni àwọn ìyá wa ti rí i tí wọ́n fi ń lò ó fún gílóòbù.

Ẹni tó bá ní àṣìṣe ni, òun náà ní ẹ̀tọ́ sí ìdáhùn, torí olùyẹ̀wò ìdánwò WAEC yóò fagi lé e. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ti kọ nípa ọ̀ràn yìí ní ọdún 1998, ó sì dá àbá ohun márùn-ún tí a lè fi mọ ìyàtọ̀ láàárín àṣìṣe àti àtúndá: iye ẹni tó ń lò ó, bó ṣe tàn ká tó, irú ẹni tó ń lò ó, bóyá ó ti wọ ìwé atúmọ̀ àti ìwé gírámà, àti bí àwùjọ ṣe gbà á. ‘Off the light’ yege nínú méjì àkọ́kọ́ láìsí àríyànjiyàn. Ìkẹrin ló ti kọsẹ̀. Nígbà tí ìwé atúmọ̀ Oxford gba àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà wọlé ní oṣù Kìíní ọdún 2020, ‘flag off’ wà níbẹ̀, ‘okada’ wà níbẹ̀, kò sí ‘off’ tiwa. Títí dìgbà tí ipò yẹn bá yí padà, olùkọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ sínú ìdánwò. Àmọ́ ọ̀nà tí a gbà ń kọ́ ọ ló ń dùn mí. Ìkẹ́rẹ́ ni kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tó ti di yunifásítì Bámidélé Olúmìlúà wà, ibẹ̀ ló sì yẹ kí àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀. Dípò kí a to ‘put off’, ‘put on’, ‘put up’ fún ọmọ láti há sórí, kí olùkọ́ kọ́kọ́ kọ pa, sún, lé àti bọ́ sójú pátákó, kó bi kíláàsì pé èwo nínú wọn ni ‘off’ lè dá dúró fún lẹ́yìn ‘is’, kó sì jẹ́ kí wọ́n fi gbólóhùn tiwọn wá ìdáhùn.